Ohun Tó Ń Hu Lábẹ́ Ọkọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ Àlàájà fi hu.
Kì í hu bó bá dúró. Bí a bá ń kó búlọ́ọ̀kù sí i ní Ọbáńtokò,
ẹ́ńjìnì dísù á máa kùn jẹ́jẹ́, bí àgbà tó ń jẹ orógbó.
Ìgbà tí mo bá gba Àṣèrò kọjá, tí títì bá là,
tí ọwọ́ aago bá kan ọgọ́ta,
níbẹ̀ ni yóò ti dìde:
hùùùùù,
ajá tí wọ́n so sílé, tí onílé kó lọ.

Fọgaláísà Kútọ̀ ní táyà ni.
A gbé tiwájú sẹ́yìn, a gbé tẹ̀yìn síwájú. Ó ń hu.
Géńdé kan ní Pańṣẹ́kẹ́ ní tọ́bò ni:
"Ọkọ̀ dísù, bí tọ́bò rẹ̀ bá fẹ́ kú,
òun fúnra rẹ̀ ní í sunkún ara rẹ̀."
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló gbà lọ́wọ́ mi fún gbólóhùn yẹn.
Àlàájà wọ́n omi àdúrà sí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ọkọ̀ mu omi tán, ó ń hu lọ.

Wọ́n wá júwe Ṣóbándé fún mi, lẹ́yìn rélùwéè ní Láfẹ́nwá.
Mo débẹ̀, mo kí i títí, kò dáhùn.
Múfú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní: "Ẹ fọwọ́ kí wọn. Ọ̀gá ò gbọ́ràn.
Ogójì ọdún ẹ́ńjìnì ló gbé etí wọn lọ."
Mo dúró bí ẹni tó gbé àwòrán wá fún afọ́jú.

Ó wọlé tì mí. Ó bọ́ bàtà,
ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ó júwe pé kí n máa wà á.
Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìta-Ọ̀ṣìn, ariwo dé.
Ó na ọwọ́, ó já jíà sí fírì.
Ẹ́ńjìnì rọlẹ̀. Ariwo ò rọlẹ̀.
Ó mi orí: kì í ṣe ẹ́ńjìnì, kì í ṣe tọ́bò,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún mi ti wọgbó.
Ó fọwọ́ júwe: yà sọ́tùn-ún díẹ̀. Ariwo ki.
Yà sósì. Ó fẹ́lẹ́.
Ó gbá itan òsì ara rẹ̀, ó nàka sẹ́yìn.

A padà. Wọ́n fi jáàkì gbé e.
Múfú ń fọwọ́ yí táyà,
Ṣóbándé ti ẹnu sukudiráfà mọ́ ìdí wíìlì,
ó fi eyín há èèkù rẹ̀, ó di ojú.
N kò tíì rí ẹni tó ń fi eyín gbọ́ràn rí.
Ó tu itọ́. "BÍÁRÌN!"
Ó ké e bí ẹni tí kò mọ bí ohùn òun ti ga tó.

Wọ́n yọ ọ́. Ó ti dípẹtà,
gíríìsì rẹ̀ ti funfun bí ògì,
yanrìn wẹ́wẹ́ há sáàárín àwọn bọ́ọ̀lù.
Ó fi àtàǹpàkò ra yanrìn náà, ó wo ojú mi pẹ́.
"ODÒ ÒGÙN! ODÒ ÒGÙN LÓ WỌ IBÍ!"
Gbogbo ẹ̀gbẹ́ rélùwéè gbọ́.

Ohun tí Àlàájà mọ̀ ni pé Ṣàgámù ni ọkọ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ tí odò kún.
Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.
Alẹ́ ọjọ́ náà, omi ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọ inú ọkọ̀,
mo ń kó tìmùtìmù, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì,
ìyá àgbà kan tí wọ́n fi tapólì wé,
mo ń lọ, mo ń bọ̀, ní ìsàlẹ̀ afárá títí ilẹ̀ fi mọ́.
Mi ò gba kọ́bọ̀.
Irọ́ ni. Mo gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ ìránṣọ.

Bíárìn tuntun wọlé nírọ̀lẹ́. Mo kọrí sílé.
Ní Àṣèrò, ọwọ́ aago kan ọgọ́ta:
kẹ́kẹ́ pa.
Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń lu ara wọn,
tí mo ń gbọ́ fóònù tó ń gbọ̀n nínú àpò àyà mi.
Àlàájà ni. Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ní ó ṣe é.